Apá Òsì Onílù

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ojú ni ìfẹ́ máa ń gbà wọlé síni lára. Ti Jẹ́jẹ́, ẹsẹ̀ ló gbà wọlé: ẹsẹ̀ ọ̀tún onílù, nínú sálúbàtà kan tí okùn rẹ̀ ti fẹ́ já tán.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ẹgbẹ́ olórin kan wà tí wọ́n máa ń dánra wò nínú yàrá gbọọrọ kan lẹ́yìn ilé ìtajà àga àti bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó ń ta gìtá báàsì fún wọn rìnrìn àjò, kò sì jọ ẹni tó máa padà. Ni wọ́n bá wá ọmọbìnrin kan kàn, tó jẹ́ pé iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀ ni kó máa gé dígí awò ojú, kó máa dán an títí tó fi máa wọ férémù rẹ̀ dáadáa. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí ohùn rẹ̀ kì í ròkè, kódà tí inú bá ń bí i. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá, Ọ̀gá wọn, àgbàlagbà tó ń fun fèrè idẹ, tó sì máa ń sọ̀rọ̀ bíi pé gbogbo àdúgbò ló ń bá wí, mú un lọ sápá òsì onílù, ó ní ibẹ̀ ni àyè oníbáàsì.

"Má wo èmi, má wo akọrin," ni Ọ̀gá wí. "Ẹsẹ̀ ọ̀tún onílù, èyí tó fi ń tẹ ìlù ńlá, ni kí o máa wò. Ibi tó bá ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ibẹ̀ ni kí ohùn tìẹ náà balẹ̀ sí. Tí ẹ̀yin méjèèjì bá jọ balẹ̀, àwa yòókù á ríbi jókòó."

Ó gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu. Fún oṣù mélòó kan, ẹsẹ̀ yẹn nìkan ló ń wò. Ó mọ̀ ọ́n ju bó ṣe mọ ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ. Tó bá ti fẹ́ sáré, àtàǹpàkò rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gbéra. Tó bá ti rẹ̀ ẹ́, gìgísẹ̀ rẹ̀ á máa wọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tó wá gbójú sókè láti wo ẹni tó ni ẹsẹ̀, ó bá onílù náà tó ti ń wo òun tipẹ́, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọwọ́ Jẹ́jẹ́ ṣìnà lórí okùn gìtá. Ọ̀gá dá orin dúró, ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kí wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń kùn lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹni tí kò bá ṣe orin nínú ẹgbẹ́ rí lè máà mọ adùn ohun tó kó sí Jẹ́jẹ́ lórí. Nígbà tí báàsì àti ìlù bá jọ balẹ̀, inú ilẹ̀ ni ohùn náà ti máa ń gòkè wọ àtẹ́lẹsẹ̀ èèyàn. Àyà Jẹ́jẹ́ á máa lù, ìlù á máa dún, kò ní mọ èyí tó jẹ́ tòun mọ́. Ní ṣọ́ọ̀bù, bí oníbàárà ti ń ráhùn pé awò ń fún òun nímú, bẹ́ẹ̀ ni òun á máa fi ìka ta báàsì sórí tábìlì, tí á máa retí Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n máa ń dánra wò. Ṣé orin ló ń fà á lọ síbẹ̀ ni, àbí ọkùnrin náà? Òun fúnra rẹ̀ kò lè sọ. Ó gbìyànjú láti yà wọ́n sọ́tọ̀ nínú ọkàn rẹ̀, kò rí i ṣe.

Onílù, ẹni tó ń to táìsì sílẹ̀ ilé ni lọ́sàn-án, tí ẹ̀rọ tó fi ń gé e máa ń han létí rẹ̀ látàárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá Jẹ́jẹ́ gbé gìtá dé ibùdókọ̀. Wọ́n á sọ̀rọ̀ nípa orin, wọ́n á sọ̀rọ̀ nípa sìmẹ́ǹtì, wọ́n á fi Ọ̀gá ṣe yẹ̀yẹ́, ọkọ̀ á dé, onílù á juwọ́. Ọkùnrin tó lè lu ìlù kí gbogbo fèrèsé máa gbọ̀n, kò lè la ẹnu rẹ̀ sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Nígbà tó yá, Àǹtí Akọrin ló bẹ̀ níṣẹ́, obìnrin onílé-ọkọ tó ń kọrin fún wọn. Àǹtí Akọrin fa Jẹ́jẹ́ sẹ́yìn àwọn fóòmù tí wọ́n tò jọ, ó ní onílù ló rán òun sí i, pé ìfẹ́ rẹ̀ ló wà lọ́kàn ọkùnrin náà, òun ò sì fẹ́ kí ìrìn òun já sófo.

"Mo bi í pé kí ló ṣe ẹnu tirẹ̀," ló wí. "Ó ní ọwọ́ ni Ọlọ́run fún òun, pé ẹnu kò kan òun."

Jẹ́jẹ́ ní òun máa rò ó. Ó ti rò ó tán kí Àǹtí Akọrin tó pa ẹnu dé, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ọmọbìnrin máa dáhùn kíá bẹ́ẹ̀.

Àwọn òbí ló wá kù. Bàbá Jẹ́jẹ́, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ṣì máa ń wo èèyàn bíi pé iṣẹ́ àṣetiléwá ló fẹ́ bi í, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó yọ awò rẹ̀, ó nù ún. Ó ní òun fara da ariwo gìtá yẹn nínú ilé nítorí òun rò pé ó máa sú u. Òun kò mọ̀ pé ó tún fẹ́ fẹ́ ẹ ni. Jẹ́jẹ́ ní kì í ṣe ariwo lòun fẹ́ fẹ́, ọmọlúàbí kan ni. Wọ́n fà á títí, ìyá rẹ̀ bá wọn dá sí i, ni bàbá bá ní ó dáa: kí ọkùnrin náà mú ìyá rẹ̀ wá kí òun rí wọn, nítorí òun kì í fọmọ fún ẹni tí ẹnikẹ́ni kò bá wá.

Bẹ́ẹ̀, ìyá onílù kò wá. Bí wọ́n bá dá ọjọ́, ara rẹ̀ á ṣàìyá. Wọ́n á dá òmíràn, iṣẹ́ á pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Onílù á máa tọrọ àforíjì, kò sì ní lè wo Jẹ́jẹ́ lójú. Jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni òun ṣe fún obìnrin tí òun kò tíì rí rí.

Àárín ìgbà yẹn ni onílù ṣe ohun tó já a láyà. Jẹ́jẹ́ dé ibi ìdánrawò lọ́jọ́ kan, ó bá ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn báàsì rẹ̀ jáde ní apá ọ̀tún ìlù. Onílù fúnra rẹ̀ ló gbé e síbẹ̀. Ó ní apá òsì ti há jù. Kò há rárá. Èèyàn tí kì í ṣe olórin lè ní kí ló kàn án nínú ìyẹn, ṣùgbọ́n oníbáàsì tí wọ́n lé kúrò lápá òsì onílù, ńṣe ló dà bí ìyàwó tí wọ́n ní kó máa lọ sùn ní pálọ̀. Láti apá ọ̀tún, ikùn ìlù ńlá bo ẹsẹ̀ yẹn mọ́ ọn lójú. Ó ta báàsì rẹ̀ tán láì rí ohun tó ń wò, ó wọ ọkọ̀, ó kọjú sí fèrèsé, ó sunkún dé ilé. Lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tán. Ìyá ọkùnrin náà ti bá a sọ̀rọ̀, kò sì ní ẹnu láti sọ fún òun, ló fi ń ti òun sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Àǹtí Akọrin lọ bi onílù. Ó ní kò sí nǹkan kan.

Ọ̀nà ló tú àṣírí náà. Lọ́sàn-án Sátidé kan, wọ́n fẹ́ sọdá títì, onílù ló wà níwájú. Alùpùpù kan ń bọ̀ láti apá òsì, ó ń fun fèrè bíi pé ó fẹ́ ya wèrè, onílù sì ń lọ tiẹ̀. Jẹ́jẹ́ fa ẹ̀wù rẹ̀ lẹ́yìn, bọ́tìnì já, alùpùpù kọjá, ẹni tó gùn ún ń ṣépè. Onílù yíjú wò ó, ó ní ṣé ìjà ni. Jẹ́jẹ́ bi í pé ṣé kò gbọ́ fèrè yẹn ni. Ọkùnrin náà wo ọ̀nà, ó wo bọ́tìnì rẹ̀ nílẹ̀.

"Etí wo ni?" ni Jẹ́jẹ́ bi í.

Wọ́n jókòó sórí pèpéle ṣọ́ọ̀bù kan, ó sì jẹ́wọ́. Etí òsì ti ń hó tipẹ́ bí omi tó wà lórí iná, nígbà tó yá, ó dákẹ́ pátápátá. Bí Ọ̀gá bá gbọ́, á wá onílù mìíràn. Ìdí tó fi gbé Jẹ́jẹ́ sápá ọ̀tún kò ju pé ibẹ̀ ni etí tó kù wà.

"Àwọn yòókù, mo lè máa méfò ibi tí wọ́n wà," ló wí. "Ìwọ ni mi ò fẹ́ máa méfò."

Jẹ́jẹ́ rántí gbogbo omijé tó ti sun dànù nínú ọkọ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó tún sunkún. Onílù bẹ̀ ẹ́ kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ṣèlérí. Àwọn ìlérí kan wà tó jẹ́ pé ìgbà téèyàn ń ṣe wọ́n ni wọ́n máa ń dùn.

Kò pẹ́ sí i tí ohun mìíràn fi bẹ̀rẹ̀. Nínú orin, ibi kan máa ń wà tí gbogbo wọn máa yí papọ̀ bọ́ sí apá tó kàn. Onílù bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ débẹ̀, díẹ̀ báyìí, bí ẹni tó dúró so okùn bàtà. Nígbà àkọ́kọ́ tó ṣẹlẹ̀, ọwọ́ Jẹ́jẹ́ ti dúró dè é kí ọpọlọ rẹ̀ tó mọ ohun tó ń ṣe, wọ́n sì jọ pẹ́. Kò sẹ́ni tó fura. Àṣírí kan tí oníbáàsì àti onílù mọ̀ nìyẹn: tí àwọn méjèèjì bá ti jọ ṣìnà síbì kan náà, kò sẹ́ni tó máa pè é ní ìṣìnà. Akọrin á rò pé òun ló yára. Àwọn yòókù á rò pé wọ́n tún orin náà tò ni. Ọ̀gá tiẹ̀ yìn wọ́n níjọ́ kan, ó ní bí wọ́n ṣe ń fa orin sẹ́yìn yẹn dùn mọ́ òun, kí wọ́n má jáwọ́.

Ojoojúmọ́ ni ìṣìnà ń pọ̀ sí i, ojoojúmọ́ sì ni Jẹ́jẹ́ ń bò ó. Ká má parọ́, ó ń dùn mọ́ ọn. Kí wá ni ìfẹ́, tí kì í bá ṣe pé kéèyàn gbá ẹnì kejì rẹ̀ mú kó tó ṣubú, kí ẹni náà má tiẹ̀ mọ̀? Kò sọ fún onílù. Ẹ̀rù ń bà á pé bí ìlù bá kúrò láàárín wọn, ọkùnrin náà lè bá ìlù lọ.

Ọ̀rọ̀ wà báyìí nígbà tí ìyá onílù ránṣẹ́ pe Jẹ́jẹ́. Obìnrin náà ló ni ilé ìfọṣọ kan, ibẹ̀ ni Jẹ́jẹ́ sì bá a, nínú yàrá ẹ̀yìn tó gbóná, tí ẹ̀wù funfun rọ̀ sílẹ̀ yíká, tó ń lọ aṣọ. Jẹ́jẹ́ kúnlẹ̀ kí i. Ó dáhùn, kò ní kó jókòó, áyọ́ọ̀nù kò sì dúró.

"Mi ò kórìíra rẹ," ló wí. "Jẹ́ kí n fi ìyẹn ṣáájú."

Ó wá ṣàlàyé. Dókítà ti yẹ etí ọmọ rẹ̀ wò. Ti òsì ti kú. Ti ọ̀tún ti ń bá a bọ̀ lọ́nà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá mú ariwo kúrò nídìí rẹ̀ nísinsìnyí, èyí tó kù níbẹ̀ lè bá a dọjọ́ ogbó. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kó pẹ́ kó yá, kò ní gbọ́ ohùn ìyàwó, kò ní gbọ́ ohùn ọmọ. Ẹ̀rọ tí ń gé táìsì, ó ti gbé e fún ẹlòmíràn. Ìlù ló kọ̀ tí kò fi sílẹ̀.

"Ó sọ fún dókítà pé òun ò gbà," ni ìyá wí. "Ó ní bí etí òun ọ̀tún bá ń lọ lóòótọ́, òun ì bá ti máa ṣìnà nínú ìlù. Ó ní òun kò ṣìnà rí, kí wọ́n bi ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́." Ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró. "Mo wá ń bi ọ́. Ṣé kì í ṣìnà?"

Ooru yàrá náà ká Jẹ́jẹ́ lára. Gbogbo ìgbà tó ti fi ń gbé ọkùnrin yẹn ró, tó ń fi ṣe fọ́ńté nínú ara rẹ̀, òun ló ń já ewé bo ọgbẹ́ tó yẹ kí wọ́n rí. Ọwọ́ òun gan-an ni ẹ̀rí tí onílù ń gbé lọ síwájú dókítà. Ó gbójú wo àwọn ìka rẹ̀ tó fi ń ta báàsì.

Ìyá náà wò ó títí, ó sì mọ̀. "Ìwọ lò ń bò ó."

"Mo rò pé mò ń ràn án lọ́wọ́ ni, mà."

"Mo mọ̀ pé ohun tó o rò nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi bú ọ." Ó gbé áyọ́ọ̀nù rẹ̀ padà. Ó ní kí Jẹ́jẹ́ lọ bá bàbá rẹ̀ pé kó má retí òun. Òun kò ní wọ pálọ̀ ẹnikẹ́ni lọ tọrọ ẹni tó máa bá òun sọ ọmọ òun di adití.

Jẹ́jẹ́ kò dúró dọjọ́ kejì. Ó lọ bá onílù níbi iṣẹ́, nínú ilé tuntun kan tí ohùn ń padà lára ògiri rẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ láàárín táìsì tí kò tíì gbẹ, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó sọ ibi tó ti ń pẹ́ fún un, orin kọ̀ọ̀kan. Onílù ń gbọ́, ojú rẹ̀ ń yí padà. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní ta ló tún gbọ́ ọ, yàtọ̀ sí i? Ọ̀gá ńkọ́? Àǹtí Akọrin ńkọ́? Ó ní òun ò mọ̀ pé ìyá òun ti rí i rà.

"Bó bá jẹ́ pé o ò fẹ́ adití," ló wí, "sọ ọ́ tààrà, kí n mọ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í po sìmẹ́ǹtì. Jẹ́jẹ́ dúró lẹ́yìn rẹ̀ títí, ó gbọn yẹ̀pẹ̀ orúnkún rẹ̀ nù, ó lọ.

Ohun tó máa ṣe ti wá hàn sí i. Bó bá ṣe é, á pàdánù ọkùnrin náà. Bí kò bá ṣe é, á fẹ́ ẹ, á sì jókòó tì í máa wo etí tó kù bó ṣe ń lọ. Ilé ìtura kan ti fẹ́ gba ẹgbẹ́ náà láti máa ṣeré níbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí náà, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ níwájú èrò. Ibi ìdánrawò ló gbọ́dọ̀ jẹ́, láàárín ara wọn. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ó ń de okùn gìtá rẹ̀, ìka rẹ̀ tutù bí irin. Àǹtí Akọrin bi í bóyá ibà ń ṣe é.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Onílù kò wo ojú rẹ̀. Wọ́n dé ibi tí orin ti ń yí, ó pẹ́. Ọwọ́ Jẹ́jẹ́ fẹ́ dúró dè é bó ṣe máa ń ṣe, ó ní láti fi eyín di ètè. Kò dúró. Ó yí níbi tó yẹ kó yí, òun nìkan. Ìlù já sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ bí àpótí tí wọ́n jù láti orí àkàbà. Àǹtí Akọrin dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. Ọ̀gá gbé fèrè kúrò lẹ́nu, ó ní kí wọ́n tún un ṣe. Wọ́n tún un ṣe, ó tún já.

"Ta ló ń ṣìnà níbẹ̀?" ni Ọ̀gá bi wọ́n.

"Jẹ́jẹ́ ni," ni onílù wí. "Ó ń sáré."

Gbogbo wọn yíjú sí i. Ó lè gbà á. Ká ní ó sọ pé òun ni, pé kí wọ́n má bínú, wọ́n á rẹ́rìn-ín, orin á tẹ̀ síwájú, ọkùnrin náà á sì bá a dé ibùdókọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu rẹ̀.

"Kì í ṣe èmi," ló wí.

Ọ̀gá wò ó, ó wo onílù. Ó ní kí báàsì àti akọrin ṣe é láìsí ìlù. Ó gún régé. Ó wá ní kí ìlù àti akọrin ṣe é láìsí báàsì. Àǹtí Akọrin kọ ọ́ dé ibi tó ń yí, ó sì dúró, nítorí kò mọ ibi tó máa gbẹ́sẹ̀ lé mọ́. Wọ́n tún ìyẹn náà ṣe. Níkẹyìn, onílù kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó ń wo ẹnu Àǹtí Akọrin, ó rí i pé ó ti yí tipẹ́, ọwọ́ òun sì ṣì wà lókè.

Ó rọra to igi ìlù rẹ̀ sórí àga. Ó wá síwájú Jẹ́jẹ́.

"Òótọ́ lo sọ fún mi. O ti mọ̀ tipẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"O sì ń tẹ̀ lé mi."

Kò dúró gbọ́ ìdáhùn. Ó jáde, ó fi ìlù sílẹ̀ lẹ́yìn. Ọ̀gá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì kan tí wọ́n fẹ́ tà, ó fọwọ́ bo ojú, nítorí láti kékeré ló ti mú ọkùnrin yẹn wọ ẹgbẹ́.

Òjò ọdún yẹn bẹ̀rẹ̀, ó rọ̀ tán. Ẹgbẹ́ náà rí onílù mìíràn, ọkùnrin kan tí kì í pẹ́, tí kì í yára, tí kì í rẹ́rìn-ín. Ilé ìtura gbà wọ́n, èrò ń pọ̀. Jẹ́jẹ́ ń ta báàsì rẹ̀ láì ṣi ibì kan, ó sì ń kórìíra bó ṣe ń gún. Nígbà mìíràn, láàárín orin, adùn àtijọ́ yẹn á rọra gòkè láti ilẹ̀ wọ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, á sì máa ṣe é bí ẹni tó jalè, nítorí ẹni tó ni ín kò sí níbẹ̀ mọ́. Àǹtí Akọrin lọ bẹ onílù, ó padà bọ̀. Ó tún lọ. Ó ní ọkùnrin náà gbàlejò òun dáadáa, ṣùgbọ́n ó ní kí òun má dárúkọ ẹnì kan. Bàbá Jẹ́jẹ́, tó yẹ kí inú rẹ̀ dùn, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń fi oúnjẹ sílẹ̀. Níjọ́ kan, ó bi í láti ẹ̀yìn ìwé ìròyìn pé ṣé onílù yẹn kò mọ ọ̀nà ilé wọn mọ́ ni.

Ṣọ́ọ̀bù awò ni onílù gbà padà wọlé. Jẹ́jẹ́ ń dán dígí kan lọ́wọ́, ó gbójú sókè, ó rí i tó dúró sẹ́nu ọ̀nà, tó mú awò ojú tó kán lápá lọ́wọ́, ti ìyá rẹ̀. Ó rù díẹ̀. Ó dúró títí oníbàárà tó wà níbẹ̀ fi jáde.

"Mo bínú sí ọ," ló wí.

"Mo mọ̀."

"Kì í ṣe torí pé o jẹ́ kí n ṣubú lójú wọn. Ìyẹn dùn mí, ó sì tán. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń ṣubú ṣáájú ìyẹn, tó o jẹ́ kí n rò pé mò ń rìn, òun ni mi ò lè gbé mì."

Jẹ́jẹ́ gbé dígí náà sílẹ̀ kó má bàa fọ́. Ó ní ẹ̀rù ló ba òun. Ó ní òun rò pé bí ìlù bá lọ, ọkùnrin náà á bá a lọ.

"Mo lọ lóòótọ́," ni onílù wí. Ó ní dókítà sọ pé etí ọ̀tún ti dúró síbi tó wà láti ìgbà tí òun ti fi ìlù sílẹ̀. Kò ní padà sí bó ṣe wà, ṣùgbọ́n kò lọ mọ́. "Mo ń gbọ́ òjò. Mo ń gbọ́ ìyá mi tó bá ń bú mi. Mo wá rò ó pé ta ló jẹ́ kí n máa gbọ́ wọn." Ó na awò náà sí i. "Má bò mí mọ́ láé. Bí mo bá ń ṣìnà, sọ fún mi lójú mi."

"Ò ń ṣìnà nísinsìnyí," ni Jẹ́jẹ́ wí. "Oṣù mélòó lo fi gbé awò tó kán pamọ́ kó o tó rí ìdí wá síbí?"

Ìyẹn ni ọkùnrin náà fi rẹ́rìn-ín, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti fi ìlù sílẹ̀.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ìyá onílù gbà láti wá, ó sì wá lóòótọ́, pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kan. Pálọ̀ bàbá Jẹ́jẹ́ kún. Wọ́n kí ara wọn títí, wọ́n bi ara wọn nípa iṣẹ́ àti ìlera, gbogbo rẹ̀ ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ibi tí wọ́n ní kí Jẹ́jẹ́ jókòó sí ni ìpẹ̀kun àga gígùn, ní apá òsì onílù. Ìyá onílù jókòó sápá ọ̀tún ọmọ rẹ̀, ó tọ́ ìdì gèlè rẹ̀, ó ní òun ní ọ̀rọ̀ kan.

Ó ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin yìí, òun kò sì ní gbàgbé oore rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ òun ti fi orin sílẹ̀, ó sì dùn ún wọra. Òun kò fẹ́ kí ó máa wo ìyàwó rẹ̀ tó ń gbé gìtá jáde lọ bá onílù mìíràn. Kí Jẹ́jẹ́ fi gìtá sílẹ̀ nílé bàbá rẹ̀ níbí, àwọn á sì fọwọ́ méjèèjì gbà á sílé.

Bàbá Jẹ́jẹ́ mi orí. Ó ní kò sí irọ́ nínú ohun tí ìyá sọ. Ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ti ń wá ọ̀nà àtisọ láti ọdún yìí wá ni.

Kò tíì sí ohun tí Jẹ́jẹ́ fẹ́ràn tó ìgbà tí ohùn okùn yẹn bá balẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ló gba ìlù lọ́wọ́ ọkùnrin yìí, níwájú gbogbo wọn. Bóyá gbèsè tó yẹ kí òun san nìyí. Ó la ẹnu láti sọ pé òun gbà.

"Má dáhùn," ni onílù wí. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀. "Màámi, ẹ má bínú. Bó bá tìtorí mi fi í sílẹ̀, a jẹ́ pé bí mo ṣe ṣubú, mo fa òun náà ṣubú. Èmi fúnra mi ni màá máa bá a gbé gìtá lọ síbẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀."

"Ṣé o máa lè fara dà á?" ni ìyá bi í.

"Rárá. Á máa dùn mí. Màá dúró síta títí wọ́n á fi ṣe tán, màá sì bá a gbé e padà wálé."

Ìyá onílù wo ọwọ́ ara rẹ̀, èyí tó ti fi lọ aṣọ títí tó fi tọ́ ọmọ yìí dàgbà. Bàbá Jẹ́jẹ́ yọ awò rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú, ó wo ọkùnrin náà bí ẹni tó ń ka ìdáhùn kan lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà, ó kọjú sí ọmọ rẹ̀, ó bi í níṣojú gbogbo wọn bóyá ó fẹ́ ọkùnrin yìí.

"Mo fẹ́ ẹ, sà," ni Jẹ́jẹ́ wí, pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tí kì í ròkè yẹn.

Onílù kò mira. Ojú bàbá ló tẹjú mọ́, òógùn ń yọ níwájú orí rẹ̀, ó ń dúró de ìdáhùn tí wọ́n ti fún un. Gbogbo pálọ̀ wò ó, kò sì yé wọn. Ìyá rẹ̀ ni ó yé. Ó sún mọ́ ọn, ó gbé ẹnu rẹ̀ lé etí tó kù.

"Ó ní òun fẹ́ ọ," ló wí. "Èmi náà sì ti gbà á, tòun ti gìtá rẹ̀."